Àdìrẹ tó yọ́ sómi: bí kíláàsì iṣẹ́ ọnà kan ní Abẹ́òkúta ṣe kúrò nínú nóòtù

Ilé ẹ̀kọ́ gírámà ìjọba ni, ní Abẹ́òkúta, kò jìnnà sí Ìtokú tí wọ́n ti ń ta àdìrẹ. CCA (Cultural and Creative Arts) ni iṣẹ́ tí ọ̀rọ̀ kàn, iṣẹ́ tí NERDC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣe ètò ẹ̀kọ́, fi kó yíyàwòrán, orin, ijó, eré orí ìtàgé àti iṣẹ́ ọwọ́ pọ̀ sójú kan nínú ètò ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ JSS. Tísà kan ṣoṣo ló ń kọ́ gbogbo rẹ̀. Yíyàwòrán ló kọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Kò lè ka àmì orin, kò sì lu ìlù rí. Ọmọ JSS 2 bí 70 ló wà níwájú rẹ̀ nínú yàrá kan. Píríọ́dù méjì ló ní lọ́sẹ̀, ìṣẹ́jú 40 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan: ọ̀kan láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, èkejì lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì, nígbà tí àwọn kan ti ń múra àtilọ kírun Jímọ̀ọ̀, tí àwọn tí kò ní Jímọ̀ọ̀ í kí náà sì ń tẹ̀ lé wọn jáde.

Kò sí yàrá iṣẹ́ ọnà, ẹ̀rọ omi kan ṣoṣo ló wà nínú ọgbà. Nóòtù ni wọ́n ń kọ. Bí ẹ bá bi ọmọ kan léèrè ohun tó máa jáde bí a bá po búlúù mọ́ yẹ́lò, á dáhùn wàrà pé àwọ̀ ewé ni. Kò po àwọ̀ kankan rí láyé rẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ kò rí ohun tó burú níbẹ̀, nítorí pé orí pépà ni ìdánwò wà, ọmọ tó bá sì ha nóòtù sórí á yege.

Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ nílẹ̀. Ní àwọn ọdún 1920 ni Aina Onabolu, ayàwòrán ọmọ Nàìjíríà, ń kọ́ àwọn ọmọ ní yíyàwòrán ní àwọn ilé ẹ̀kọ́ gírámà Èkó, tó sì ń rọ ìjọba amúnisìn pé kí wọ́n fi í sínú ètò ẹ̀kọ́. Ní 1927 wọ́n mú tísà iṣẹ́ ọnà kan, Kenneth Murray, wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Onabolu fẹ́ kí ọmọ mọ bí a ṣe ń ya ojú èèyàn kí ó jọ ọ́ gẹ́lẹ́. Murray ní iṣẹ́ ọwọ́ ìbílẹ̀ ni kí wọ́n dì mú. Ẹnu wọn kò kò lórí ohun tó yẹ kí ọmọ kọ́, ṣùgbọ́n nínú àwọn méjèèjì, kò sí ẹni tó rò pé nóòtù lásán ni a ó fi kọ́ ọ.

Ohun tí tísà CCA náà kọ́kọ́ dán wò ni kọ́lọ̀ inú ìgò (àwọ̀ tí a fi ń yàwòrán) àti kádíbọọ̀dù. Ó ní kí olúkúlùkù mú tirẹ̀ wá. Àwọn tó mú un wá kò tó ìdámẹ́rin kíláàsì. Àwọn yẹn fi apá bo ìgò wọn, àwọn yòókù jókòó, wọ́n ń wòran. Kí ọ̀sẹ̀ kẹta tó pé, kọ́lọ̀ ti gbẹ nínú ìgò nítorí pé ìdérí kò dé dáadáa. Ohun tí kíláàsì náà wá fi hàn kedere ni òbí tó lówó lọ́wọ́ àti èyí tí kò ní. Ohun èlò tí ọmọ kọ̀ọ̀kan bá ní láti dá rà fúnra rẹ̀ kì í sábà lọ jìnnà ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọba.

Àdìrẹ ló yàn tẹ̀ lé e, ó sì ní ìdí. Aṣọ ṣeé pín: ọ̀pá kan lè tó ọmọ mẹ́wàá. Láfún wà lọ́jà gbogbo. Ó pín kíláàsì sí ọ̀wọ́ méje, ọmọ mẹ́wàá nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Aṣọ funfun olówùú ni wọ́n rà, wọ́n sì dán an wò kí wọ́n tó sanwó: wọ́n fa fọ́nrán òwú kan yọ létí rẹ̀, wọ́n ṣáná sí i. Òwú gidi á jó bíi bébà, á di eérú. Èyí tó bá ní rọ́bà nínú á yọ́, á sì ká jọ bí ìlẹ̀kẹ̀ kékeré. Irú aṣọ kejì yìí kì í mu aró dáadáa. Wọ́n fọ sítáàṣì inú rẹ̀ dànù pẹ̀lú omi ọṣẹ, wọ́n sá a, wọ́n sì ká a sí ìlà àti igun mẹ́rin-mẹ́rin kí wọ́n lè mọ ibi tí ọnà kọ̀ọ̀kan máa jókòó sí. Tísà ìṣirò tó ń kọjá lọ dúró níbẹ̀ pẹ́ díẹ̀.

Fún ẹ̀kọ tí wọ́n á fi ya ọnà, èyí tí kì í jẹ́ kí aró wọ ibi tó bá wà, agolo láfún kan ni wọ́n pò mọ́ omi tútù títí kò fi ní kókó mọ́, kí wọ́n tó gbé e kaná. Omi tí ó lò lápapọ̀ tó agolo mẹ́rin sí márùn-ún. Álọ́ọ̀mù díẹ̀ ni wọ́n fi sí i. Àwọn aláró a máa fi òkúta búlúù kan sí i pẹ̀lú, ṣùgbọ́n májèlé ni, tísà náà kò sì jẹ́ kí ó wọ ọgbà. Ìyẹ́ adìẹ ni àwọn ọ̀wọ́ kan fi ya ọnà, àwọn mìíràn gé páànù pẹlẹbẹ sí ọnà, wọ́n gbé e lé aṣọ, wọ́n sì fi ẹ̀kọ yí ojú rẹ̀. Ojú kan péré ni wọ́n ya. Wọ́n sì sá a sóòrùn kí ó gbẹ.

Ibi tí gbogbo rẹ̀ ti dàrú ni ibi aró. Àdìrẹ oníko ni tísà mọ̀ dáadáa, èyí tí wọ́n ń fi okùn dì, omi gbígbóná ló sì máa ń fi po aró fún un. Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe fún ẹlẹ́kọ, èyí tí wọ́n fi ẹ̀kọ ya ọnà sí yìí. Nígbà tí wọ́n fi máa yọ aṣọ ọ̀wọ́ àkọ́kọ́ jáde, kò sí ọnà kankan lára rẹ̀ mọ́, àfi búlúù kan náà láti etí dé etí, pẹ̀lú àbàwọ́n níhìn-ín lọ́hùn-ún níbi tí ẹ̀kọ wà tẹ́lẹ̀. Èkejì rí bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ bú sẹ́rìn-ín. Àwọn tó ya ọnà náà kò rẹ́rìn-ín.

Ní ọjọ́ yẹn, ó kù díẹ̀ kí tísà padà sí nóòtù. Ohun tó ṣe dípò rẹ̀ ni pé ó gbé aṣọ tó bàjẹ́ kọ́ síwájú pátákó, ó sì bi wọ́n pé kí ló fà á. Ẹnì kan ní aró náà ti le jù. Ẹlòmíràn ní oòrùn kò tó. Ọmọbìnrin kan tí kì í sábà sọ̀rọ̀, tí ìyá rẹ̀ ń ta ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín, nawọ́ sókè.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ̀kọ yẹn yọ́ ni. Bí màmá mi bá da omi gbígbóná sí ẹ̀kọ fún àwọn oníbàárà, ṣebí ó máa ń yọ́ ni sà?"

"Dìde dúró, kí o tún un wí kí wọ́n gbọ́."

Ó tún un wí. Wọ́n wá gé aṣọ kékeré mẹ́ta, wọ́n fi ẹ̀kọ kan náà ya ìlà sí i lára, wọ́n sá a gbẹ, wọ́n sì rì í sínú àwo mẹ́ta: omi gbígbóná, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti omi tútù. Ti omi gbígbóná yọ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ti omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ dúró díẹ̀, kí etí rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn. Ti omi tútù dúró digbí. Láti ọjọ́ yẹn, omi gbígbóná díẹ̀ ni wọ́n fi ń yọ́ aró, omi tútù ni wọ́n sì ń bù sí i, aṣọ kò sì gbọ́dọ̀ kàn án títí tí gbogbo rẹ̀ á fi tutù pátápátá. Wọ́n tún rí i pé a kì í fi ọwọ́ ra aṣọ nínú aró, wọ́n á kàn rọra tì í wọlé ni. Ìṣẹ́jú díẹ̀, wọ́n á yọ ọ́, wọ́n á fi kọ́ fún bí ìṣẹ́jú 15 kí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí i, wọ́n á sì tún rì í, ẹ̀ẹ̀mẹta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹrin. Bí ó bá ti jáde, àwọ̀ ewé ló máa ń ní. Lójú wọn níbẹ̀ ni aṣọ náà ti máa ń di búlúù, láti òkè wá sílẹ̀. Nígbà tí ó bá gbẹ tán, wọ́n á ha ẹ̀kọ kúrò, wọ́n á sì fi omi tútù ṣan án.

Ibí yìí gan-an ni àǹfààní iṣẹ́ ọnà fún ọmọ ilé ẹ̀kọ́ wà, ó sì yẹ kí àwa tó ń kọ́ni dúró síbẹ̀ díẹ̀. Àṣìṣe wà níta gbangba, kò sí ẹni tó lè jiyàn rẹ̀. Ohun tó fà á ṣeé wá rí. Ọwọ́ ọmọ fúnra rẹ̀ ló máa tún un ṣe, á sì rí ìyàtọ̀ rẹ̀ kó tó lọ sílé. Nínú ọ̀pọ̀ iṣẹ́ yòókù, bírò pupa ni ọmọ ń rí, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ sì ń parí sí. A kì í fún un láyè láti padà sídìí àṣìṣe náà. Kì í sì í ṣe pé àdìrẹ ní idán kan nínú: bí tísà bá ti bò ó mọ́lẹ̀, tó ra aṣọ tuntun, tó sì ṣe é fúnra rẹ̀ dáadáa níwájú wọn, aṣọ á rẹwà, àwọn ọmọ kò sì ní kọ́ ohunkóhun.

Kò pẹ́ sígbà yẹn ni kọ́sítíkì dá wàhálà sílẹ̀. Aró ìgbàlódé kò lè yọ́ dáadáa sínú omi láìsí kẹ́míkà méjì: kọ́sítíkì sódà àti háídírọ́sì. Ìwọ̀n kan kọ́sítíkì sí méjì háídírọ́sì ni ẹni tó ta aró náà ní kí wọ́n lò. Òfin rẹ̀ ni pé inú omi ni a ń da kọ́sítíkì sí. A kì í da omi lé kọ́sítíkì lórí, nítorí pé á hó, á sì ta síni lára. Tísà ti kọ ọ́ sí pátákó. Síbẹ̀ ọmọkùnrin kan tó ń yára kí ọ̀wọ́ tirẹ̀ lè kọ́kọ́ parí da omi lé e. Ó ta sí i lápá. Wọ́n sáré fi apá rẹ̀ sábẹ́ ẹ̀rọ omi, wọ́n sì jẹ́ kí omi máa ṣàn lé e lórí fún bí ìṣẹ́jú 20 láì fi ohun mìíràn kàn án. Ó jinná, àpá rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Ṣùgbọ́n pírínsípà fòfin de kọ́sítíkì nínú ọgbà láti ọjọ́ náà lọ, ẹjọ́ rẹ̀ sì tọ́. Ìkìlọ̀ orí pátákó kò tó láti gba ọmọ 70 lọ́wọ́ irú kẹ́míkà bẹ́ẹ̀.

Ọ̀nà àbáyọ wá láti ọ̀dọ̀ ìyá àgbà aláró kan ní Ìtokú, tí ọmọ ọmọ rẹ̀ wà nínú kíláàsì. "Tísà, ẹ má fi kọ́sítíkì sọ́wọ́ ọmọ ọlọ́mọ mọ́," ló wí. "Ẹ jẹ́ kí wọ́n ya ọnà wọn lọ́dọ̀ yín. Ẹ kó o wá, èmi á bá wọn rẹ ẹ́." Báyìí ni iṣẹ́ ṣe pín sí méjì. Yíyà, gígé páànù àti sísá ń ṣẹlẹ̀ nílé ẹ̀kọ́. Rírì rẹ̀ ń ṣẹlẹ̀ lágboolé aláró, ọ̀wọ́ kan lẹ́ẹ̀kan, lẹ́yìn tí ilé ẹ̀kọ́ bá parí, pẹ̀lú ìwé àṣẹ òbí. Owó díẹ̀ ni wọ́n ń san fún ìyá náà lórí ọ̀pá aṣọ kọ̀ọ̀kan. Ó dín sí iye tí ìlànà ti tẹ́lẹ̀ ń ná wọn, nítorí pé aró kò ṣòfò mọ́.

Ohun tí ẹnikẹ́ni kò rò tẹ́lẹ̀ ni pé òfin pírínsípà náà ló bí eré orí ìtàgé. Nígbà tí tísà ìtàn gbọ́ pé wọ́n fòfin de kọ́sítíkì, ó ní kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyí ní Abẹ́òkúta. Ní àwọn ọdún 1930, nígbà Aláké Adémọ́lá Kejì, ẹ̀sùn wà pé kọ́sítíkì àti aró òyìnbó ń ba àdìrẹ Ẹ̀gbá jẹ́ lójú àwọn oníbàárà òkèèrè. Aláké fòfin dè é. Àwọn obìnrin aláró kò gbà; wọ́n ní oúnjẹ àwọn ni wọ́n fòfin dè yẹn. Ọ̀rọ̀ náà le débi pé ní 1936 wọ́n gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kalẹ̀ lórí rẹ̀. Àwọn ọmọ tó ti fojú ara wọn rí ohun tí kọ́sítíkì ń ṣe, ní rere àti ní búburú, bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn nínú kíláàsì: ṣé Aláké ṣe é dáadáa àbí kò ṣe é dáadáa? Tísà jẹ́ kí wọ́n jà á. Nígbà tí aago lù, ó ní kí wọ́n fi ṣe eré.

Ìdíwọ́ mẹ́ta ló dìde. Àkọ́kọ́ ni èdè. Ilé ẹ̀kọ́ náà ń bu owó ìtanràn fún ọmọ tó bá sọ Yorùbá nínú ọgbà. Tísà ní láti lọ tọrọ àyè kí wọ́n lè fi Yorùbá ṣeré, torí pé àwọn obìnrin aláró 1930 kò lè wá máa fi Gẹ̀ẹ́sì bá ara wọn jà. Wọ́n gbà fún un. Àwọn ọmọ kan tí ohùn wọn kò jáde rí ní kíláàsì wá di alásọjù. Èkejì ni ọ̀rọ̀ ọba. Nínú ìlú Aláké, fífi ọmọ kékeré ṣe Aláké pẹ̀lú adé lórí lè dá ẹjọ́ sílẹ̀. Wọ́n fi oníṣẹ́ ọba rọ́pò rẹ̀: òun ló ń gbé ọ̀rọ̀ wá, òun ló ń gbé èsì lọ, a kò sì rí ọba rárá. Eré náà le sí i nípa bẹ́ẹ̀, nítorí pé ẹni tí ọ̀rọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò sí níbẹ̀ kí wọ́n bá a sọ ọ́.

Ẹ̀kẹta ni ìlù. Bàbá ọmọ kan wá sí ọ́fíìsì: ìwé ló ní òun rán ọmọ òun wá kọ́, kì í ṣe ìlù. Ìyá mìíràn bẹ̀rù pé ìbọ ló máa wọlé tẹ̀ lé e. Tísà kò bá wọn jiyàn lórí ìwé. Ó pè wọ́n wá wo ìgbáradì ní ọjọ́ Ẹtì kan. Ọmọ JSS 3 tó ń lu àkúbà ní ṣọ́ọ̀ṣì ló wà nídìí ìlù, ẹni tó ń lu agogo pẹ̀lú rẹ̀ sì jẹ́ ọmọkùnrin tó ń bá wọn jí àwọn èèyàn fún sààrì nígbà ààwẹ̀. Ìlù tí àwọn òbí ń gbọ́ ní ilé ìjọsìn wọn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ náà ni. Ìyá yẹn padà sílé pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀. Bàbá yẹn kò yí ọkàn padà, wọ́n sì gbé ọmọ rẹ̀ sí apá aṣọ. Kò sí ohun tó burú nínú ìyẹn.

Nínú ọmọ 70, àwọn 12 ló ní ọ̀rọ̀ sísọ, 30 jẹ́ ẹlẹ́gbè, mẹ́fà wà nídìí ìlù, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti agogo, àwọn yòókù sì ń mójú tó aṣọ, àga, ìgbà àti ìrántí ọ̀rọ̀. Wọn kò kọ́kọ́ kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Wọ́n ṣe ìran kọ̀ọ̀kan látọkàn wá, tísà Yorùbá jókòó, ó ń kọ èyí tó dára jù sílẹ̀, ìwé sì jáde láti ibẹ̀. Tí a bá fún ọmọ ní ọ̀rọ̀ àkọsórí lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ohùn ìwé kíkà ni yóò máa fi sọ ọ́ títí dé orí ìtàgé.

Inú kíláàsì ni wọ́n ti ń gbáradì, gbogbo ohùn sì ń dún ketekete. Nígbà tí wọ́n jáde sí pápá ìpéjọ, ohùn ṣòfò. Afẹ́fẹ́ gbé e lọ, ọ̀kadà ń kọjá lójú títì. Wọ́n yá gbohùngbohùn kan. Àwọn ọmọ wá ń dúró gbagidi kí ó tó kàn wọ́n, wọ́n ń na ọwọ́ sí i bí ẹni tó ń tọrọ omi, eré sì kú. Wọ́n dá a padà. Ohun tó ràn wọ́n lọ́wọ́ ni pé wọ́n gbé ìtàgé ti ògiri yàrá ìkàwé kí ògiri lè dá ohùn padà síta, wọ́n sì tò àwọn òǹwòran yí i ká ní ìlàjì òbírí, nítòsí. Wọ́n yan ọmọ méjì kí wọ́n dúró ní ìṣísẹ̀ 20 síbẹ̀ nígbà ìgbáradì gbogbo; bí wọn kò bá gbọ́, wọ́n á nawọ́ sókè, ẹni tó ń sọ̀rọ̀ á sì tún un sọ láì dá eré dúró. Àwọn ẹlẹ́gbè sì ń gba gbólóhùn ìparí ọ̀rọ̀ tó bá ṣe pàtàkì lẹ́nu olùsọ̀rọ̀, wọ́n á fi dá orin. Ẹni tí kò bá gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kíní á gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kejì.

Eré náà gbà tó ìṣẹ́jú 25 lópin táàmù, àdìrẹ tí wọ́n ṣe ni wọ́n sì wọ̀. Wọ́n dáwọ́ dúró kí ìgbìmọ̀ tó dájọ́, wọ́n bi àwọn òbí pé kí ni ẹ̀yin ì bá ti wí. Ìyá àgbà aláró náà wà nínú wọn. Ó pẹ́ kí ibẹ̀ tó dákẹ́.

Ohun gbogbo kò dùn tán. Àmì orin kò wọ inú rẹ̀ rárá, nítorí pé tísà kò mọ̀ ọ́n. Ilé ẹ̀kọ́ kò sì gbọ́dọ̀ díbọ́n pé eré kan ti kó gbogbo CCA já. Àwọn ọmọkùnrin gba ìlù mọ́ra, wọ́n fi aṣọ sílẹ̀ fún àwọn ọmọbìnrin, kò sì yí padà títí tísà fi fi dandan pààrọ̀ wọn. Àwọn tó ń sá lọ lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì dín kù, ìyẹn hàn kedere. Pírínsípà wá béèrè ohun tí gbogbo pírínsípà máa ń béèrè: ṣé máàkì ìṣirò wọn máa lọ sókè?

Ìdáhùn tó tọ́ ni pé kí ẹnikẹ́ni má ṣèlérí rẹ̀. Ìwádìí ńlá kan tí wọ́n ṣe ní ilé ẹ̀kọ́ 42 ní Houston, ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n gbé èsì rẹ̀ jáde ní 2019, fi kèké pín ilé ẹ̀kọ́ sí àwọn tó gba àfikún iṣẹ́ ọnà àti àwọn tí kò gbà á. Ní àwọn tó gbà á, nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ, iye àwọn tó ń gba ìjìyà fún ìwà àìtọ́ fi 3.6 dín kù, máàkì ìwé kíkọ wọn sàn sí i, ìyọ́nú wọn sí ẹlòmíràn náà pọ̀ sí i. Wọn kò rí ìyàtọ̀ gidi nínú ìṣirò. Tísà tó bá fi máàkì ìṣirò tọrọ àyè fún iṣẹ́ ọnà ń gbẹ́ kòtò sílẹ̀ de ara rẹ̀ ní òpin ọdún.

Fún ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀, àsìkò ni kó kọ́kọ́ bá pírínsípà sọ. Ìṣẹ́jú 40 kò tó láti tẹ́ aṣọ, ya ọnà, kí wọ́n sì palẹ̀ mọ́. So píríọ́dù méjèèjì pọ̀ sójú kan, kì báà jẹ́ lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì náà. Ṣe àpẹẹrẹ kékeré oníka-mẹ́rin kí o tó fọwọ́ kan ọ̀pá aṣọ. Nínú máàkì 40 tó wà fún iṣẹ́ inú táàmù, ilé ẹ̀kọ́ yìí fi 30 sí ohun tí ọwọ́ ṣe: aṣọ àkọ́kọ́, aṣọ kejì, àti àlàyé ẹnu lórí ohun tó yí padà láàárín méjèèjì. Ọmọ tí aṣọ àkọ́kọ́ rẹ̀ bàjẹ́ lè gba máàkì tó ju ti ẹni tí tirẹ̀ rẹwà láìmọ ìdí. Má dá gbogbo ẹ̀ka CCA ṣe. Tísà Yorùbá, tísà ìtàn àti ọmọ tó mọ ìlù wà nínú ọgbà kan náà pẹ̀lú rẹ.

Ohun tó sì máa ń pa irú iṣẹ́ yìí jù ni pé wọ́n á gbé tísà lọ sí ilé ẹ̀kọ́ mìíràn. Kí ìyẹn tó dé, kọ ìwọ̀n láfún àti omi sílẹ̀, kó páànù tí wọ́n gé sí sítọ́ọ̀ pẹ̀lú ọ̀kan nínú àwọn aṣọ tó bàjẹ́ àti ọ̀kan nínú èyí tó dára, fi ẹ̀dà ìwé eré sí ọ́fíìsì, kí o sì mú tísà tó máa gba ipò rẹ lọ sí agboolé aláró, kí wọ́n mọ ara wọn.